Antẹ́nà Gígùn Ilé Egan

Antẹ́nà méjì ló wà níwájú Báyọ̀dé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ó sì ń rò wọ́n bí ẹni ń já àlọ́. Rédíò rẹ̀, irú èyí tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn á fi tirẹ̀ fèsì, kò lè kọjá Ìkòtún bó bá lo èyí kúkurú. Èyí gígùn, tí wọ́n á so mọ́ orí páìpù irin, á gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Olúrẹ̀mí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣágámù. Lóòótọ́, wáyà iná ńlá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ní Egan kọjá, ṣùgbọ́n iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ló bá yọ wáyà kúrò nínú ìṣirò.

Lọ́sàn-án Sátidé, òun àti Bọ̀dá Zikrullah, wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀, tí wọ́n jọ ń gbélé, gun orí dẹ́kìn, òrùlé kọnkéré ilé náà, wọ́n gbé irin tí antẹ́nà gígùn wà lórí rẹ̀ nàró.

"Ọ̀gá yunifásítì, ta ló wà lọ́run tó o fẹ́ kí?"

"Ẹ ṣá dì í mú jàre, bọ̀dá."

"Wáyà yẹn ńkọ́?"

"Òkú ni. Àbí ẹ rí iná jó irin láti ọjọ́ mẹ́rin?"

Bọ̀dá Zikrullah rẹ́rìn-ín.

Atẹ́gùn òjò fẹ́ wá láti apá Igando. Irin náà tẹ̀, orí rẹ̀ ń fì, ó ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan kó kan wáyà. Ibẹ̀ ni ariwo ti sọ ládùúgbò: "Ọ́ọ̀p Nẹ́pà!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. Báyọ̀dé gbọ́ tí wáyà ń kùn bí oyin lókè orí rẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ tó fi di irin mú ń làágùn. Bó bá jù ú sílẹ̀, orí wáyà ni yóò ṣubú sí, ọwọ́ Bọ̀dá Zikrullah á sì wà lára irin.

"Má jù ú sílẹ̀," ni bọ̀dá sọ jẹ́jẹ́. "Fà á sọ́dọ̀ rẹ. Má wòkè."

Àdíját, ìyàwó Bọ̀dá Zikrullah, pè láti ìsàlẹ̀: "Bàbá Hamdalah, iná ti dé o. Ẹ wá lọ aṣọ yín."

Ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fà sẹ́yìn, títí irin fi sùn gbalaja lórí dẹ́kìn.

Bọ̀dá Zikrullah jókòó, ó ń yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń wá nǹkan níbẹ̀. "Alhamdulillahi," ló wí. Lẹ́yìn náà: "Báyọ̀dé, kúkurú yẹn ni kó o lò."

Ní Mọ́ńdè, ó so kúkurú mọ́ ojú fèrèsé tó kọ ẹ̀yìn sí wáyà. Ó pe Olúrẹ̀mí títí, Olúrẹ̀mí ò gbọ́. Ọkùnrin kan ní Ìkòtún ló fèsì.

"Mò ń gbọ́ ẹ ketekete, àbúrò. Kí ló dé tóhùn ẹ ń gbọ̀n?"