Orúkọ Àwọn Baba Ńlá Bọ́ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Kí ìyá Àlàájì Gàníyù, télọ̀ tó ń gbé Niger Street nílẹ̀ Hausa, tó kú, ó ti ka ìran wọn ní Ọ̀fà sínú téèpù ńlá kan tó máa ń yí bí àwo. Nígbà tó di 1984, ẹ̀rọ téèpù náà bàjẹ́, àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀ jáde kò sì ṣe é mọ́. Àlàájì gbé téèpù náà lọ bá Olújìmí tó ń tún rédíò ṣe ní Ibo Road, torí irú ẹ̀rọ náà kan ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Olújìmí gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí iwájú ẹ̀rọ àtijọ́ náà kó lè máa gba ohùn tó ń jáde níbẹ̀.

Ohùn ìyá ń dárúkọ àwọn baba ńlá bọ̀ nínú téèpù, ló bá dánu dúró. “Gàníyù, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, ìyá mi.” Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Àlàájì kó tó mọ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Olújìmí ní, “Ohùn yín ti wọlé, sà. Ṣé ká tún un gbà?”

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ nílé, Rahinat ọmọ rẹ̀ fi Hausa béèrè ẹni tí màmá àgbà ń bá sọ̀rọ̀.

“Èmi ni,” Àlàájì rẹ́rìn-ín. “Jókòó, jẹ́ ká gbọ́ orúkọ tó kù.”