Àmín Tí Mo Ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì Dókítà

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin tí ẹ wá kí wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè rọ́ ọ fún yín kí ìyàwó mi, Ìyá Tìwáladé, tó jẹun tán nínú yàrá, nítorí tó bá jáde, kò ní jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un lánàá. Ojú òsì ti kú tipẹ́, ojú ọ̀tún yìí nìkan ló kù fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, tí wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú náà, mo bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé yóò ríran?" Dókítà yìí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Kọ́ṣọ́sílì ọpitimísítíìkì."

Mo ní, "Àmín."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí ẹnu wa ti rí. Tí ẹni tó wọ aṣọ funfun bá ti la ẹnu sórí aláìsàn, àmín ni. Ìgbà tí dókítà lọ tán ni mo wá bi ara mi pé kí gan-an ni mo ṣe àmín sí. Tó bá jẹ́ pé ó ní kò ní ríran mọ́ ńkọ́? Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Orí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni mo wà tí oorun fi gbé mi lọ.

Mo bá ara mi ní ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń lẹ taya. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń yí bọ̀ lójú títì. Ó tóbi tó taya tírélà, ṣùgbọ́n ó ti jò, ó ń wọ́ ikùn nílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Èmi ni Ọpitimísítíìkì. Èmi ni dókítà sọ fún yín lánàá. Ẹ bá mi fún atẹ́gùn."

Mo ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ rere ni ọ́ àbí ọ̀rọ̀ burúkú?"

Ó ní, "Ẹni tó jò kì í mọ ara rẹ̀. Ẹ fún mi ná."

Mo tan ẹ̀rọ, mo ń fún un. Bó ṣe ń kún ló ń gbéra nílẹ̀, òun àti èmi àti ṣọ́ọ̀bù. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí atẹ́gùn bá wọ̀ kì í wúwo. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀gangan orí ọ̀pẹ, ṣọ́ọ̀bù mi ti di ọ́fíìsì ìjọba, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń retí kí wọ́n pè wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Fíńgásì Kírọ́ọ̀sì. Ó fi ìka lọ́ ìka, mọ́ínmọ́ín wà níwájú rẹ̀, kò lè tú ewé rẹ̀. Mo bá a tú u, mo ń bù ú sí i lẹ́nu.

Mo ní, "Kí ló ṣe ìka yín?"

Ó ní, "Ọmọ ẹnìkan ló ṣe ìdánwò. Wọ́n ní kí n lọ́ ìka fún oríire rẹ̀ títí èsì yóò fi jáde. Ọdún ti yí po."

Ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jókòó tì í ní kó má ṣàròyé. Họ́ọ̀pù lorúkọ tirẹ̀. Ó ní òun kò lè dìde rárá láti lọ tọ̀, nítorí tí òun bá ti dìde báyìí, àwọn èèyàn á ní ìrètí ti lọ, wọn á bú sẹ́kún. Mo kí i pé ó kú ìjókòó.

Wọ́n pè mí. Ọ̀gá kan tó wọ táì jókòó sídìí tábìlì. Ó ní, "Kí lẹ fẹ́?"

Mo ní, "Mo fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe àmín sí, sà. Tí kò bá dára, mo fẹ́ gbà á padà."

Ó ní, "A kì í dá àmín padà. Àmọ́ mo lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, mẹ́ẹ̀."

Mo wò ó dáadáa. Ó ti di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà mo dọ̀bálẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ." Fìlà mi ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Bọ́tìnnì ẹ̀wù mi wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò mí. Ilé onílé ni mo wà láti àárọ̀."

Mo ní, "Dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ojú là ń sọ níbí."

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ojú náà ni mo ń sọ. Ẹni tó máa ń rí mi kò rí mi lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kí n tó fèsì, ọ́fíìsì mì. Ọpitimísítíìkì ti wú jù, ó ń han gooro bí taya tó fẹ́ bẹ́. Gbogbo wa ń sún mọ́ oòrùn. Mo sáré lọ síbi ẹnu rẹ̀, mo bá ọ̀rọ̀ kékeré kan tó há síbẹ̀ bíi fáàfù, ó ń làágùn.

Ó ní, "Èmi ni Kọ́ṣọ́sílì, ìṣọ́ra ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń dì í mú. Tí mo bá yọ, á bẹ́, gbogbo yín á já bọ́."

Mo ní, "Ìyàwó mi ńkọ́?"

Ó ní, "A ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n taya ò tíì bẹ́, bàbá."

Mo ní, "Àmín." Fíńgásì Kírọ́ọ̀sì ní àmín, Họ́ọ̀pù ní àmín lórí ìjókòó, òbúkọ náà ṣe é bí ẹnu rẹ̀ ti mọ.

Nọ́ọ̀sì ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Ilẹ̀ ti mọ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n fẹ́ tú ojú màmá."

Mo tẹ̀ lé e. Dókítà ń tú báńdéèjì náà díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi la ojú, ó pa á dé, ó tún là á. Dókítà bi í léèrè ohun tó rí, nọ́ọ̀sì sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyàwó mi kọjú sí mi, ó ń wo àyà mi.

Ó ní, "Bàbá Tìwáladé, irú bọ́tìnnì wo lẹ dè yìí? Apá kan ẹ̀wù yín gùn ju ìkejì lọ. Báyìí lẹ ṣe jáde láàárín àwọn èèyàn lánàá?"

Mo ní, "Àmín."

Ó ní, "Ẹ̀wù ni mò ń bá yín sọ, ẹ ń ṣe àmín. Ẹ súnmọ́ ibí."

Mo súnmọ́ ọn. Ó tú gbogbo rẹ̀ láti òkè, ó sì ń dè é padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi ọwọ́ wá ihò kankan, ojú ló fi ń rí i.