Ọwọ́ Àlàáfíà

Gbádérọ̀ ṣubú, ilẹ̀ pákó gbọ̀ngàn náà sì dún gbì. Ẹ̀gbẹ́ ló fi balẹ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, kò sì mira mọ́. Bọ́ọ̀lù tó ti gba inú àwọ̀n kọjá ń ta lọ sídìí ògiri, kò sí ẹni tó lọ mú un. Láwùmí, tó dúró létí pápá, fi ọwọ́ kan bo ẹnu. Fóònù ló wà lọ́wọ́ kejì, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni tó jí i.

"Kò sí nǹkan kan," Gbádérọ̀ sọ láti ilẹ̀. Ó dìde jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún. "Ẹ yéé wò mí bẹ́ẹ̀. N kò tíì kú."

Àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ́rìn-ín. Láwùmí ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á nítorí ohun tó ti kọ nípa ọkùnrin náà láago márùn-ún ìdájí, tó sì ti fi ránṣẹ́.

Igbákejì kóòṣì ni Láwùmí nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Ìràwọ̀ Bódìjà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ìdáàbòbò: kí ó mọ ibi tí ẹgbẹ́ ti dì, kí ó sì mọ ibi tó ń jò, láti ipò kìíní dé ipò karùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n máa kojú àwọn ará Kánò nínú àṣekágbá. Orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù náà sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì líìgì kí aago méjì ọ̀sán òní tó lù. Nínú ìdíje méjì tó kọjá, bọ́ọ̀lù mọ́kànlá ló gba ojú ihò kan náà wọlé wọn. Alága ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Adéyínká, tó ń ta ohun ìkọ́lé ní Challenge, ní òun fẹ́ mọ ẹni tó ni ihò náà, kí Láwùmí má ṣe pọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Láwùmí kọ ìròyìn náà. Ó ní Dàmọ́lá tó wà ní ipò kìíní yára lọ́wọ́ débi pé ó lè já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ fi ṣe, àmọ́ wọ́n tètè máa ń tàn án fò sókè. Luke kì í rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù nìkan ni ojú rẹ̀ ń bá lọ, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ á ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Apá Mofẹ́olúwa gùn, kò sí ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù kọjá lókè orí rẹ̀, bí ẹni tó sanra bá sì fara tì í, á sún sẹ́yìn. John ní ipò kẹrin kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó ta padà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, àfi tó bá di ìdámẹ́rin ìkẹyìn tí èémí bá tán. Bó ṣe kọ nípa wọn nìyẹn, ó dárúkọ wọn, ó sọ ti rere, ó sọ ti búburú. Nígbà tó wá kan ọkùnrin gíga tó ń ṣọ́ ìdí àwọ̀n, ìlà kan péré ló kọ: "Ipò karùn-ún: ẹsẹ̀ ti wúwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé."

Gbádérọ̀ ni ipò karùn-ún. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Òun ló kọ́ Láwùmí bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú, ní pápá kan ní Mọ́kọ́lá, nígbà tó jẹ́ òun nìkan ni ọmọbìnrin láàárín àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ìwé òní, ó parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ wo ló ń gba ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì wọlé?

Èsì Alága ti dé láago méje: "Mo ti rí i. Ó ti yé mi." Ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́, èyí tí wọ́n sì fi fóònù jù kì í tilẹ̀ pẹ́ kó tó balẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe!" Kóòṣì Jóṣúà kígbe.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni ohun tí àwọn ará Kánò fẹ́ràn jù. Wọ́n á rán ẹnìkan wá dúró bí ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń dí ọ̀nà, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù á sì sá gba ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Ẹni tí wọ́n mọ ògiri tì kì í rí i. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ kígbe sí i kí ó tó forí gbá a. Láwùmí rí i tí Gbádérọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na apá méjèèjì, kò sì lè wò ó mọ́. Ó kọjú sí ògiri. Bó ṣe wá gbọ́ ọ nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n Dérọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ àlàáfíà yín!"

Gbì. Bọ́ọ̀lù ti wọlé.

Láwùmí yíjú padà. Dàmọ́lá ló pariwo. Ó ti ń lọ fa Gbádérọ̀ dìde, ó ń tọrọ gáfárà.

Kóòṣì ló ní Yorùbá ni kí wọ́n máa fi pe ara wọn lórí pápá, kí àwọn ará Kánò má baà gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀tún, òsì, ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tó dùn-ún sọ lójú Kóòṣì, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n ọmọ bíbí Ìbàdàn ni Dàmọ́lá, ọ̀kan náà ni òsì àti òṣì lẹ́nu rẹ̀. Ta ni ọmọ ọdún méjìlélógún tí a kọ́ nílé, tí yóò wo ojú àgbàlagbà tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú, tí yóò la ẹnu gbàràmù, tí yóò kígbe òṣì lé e lórí? Ó lọ ya ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, tí wọ́n ń pe ọwọ́ òsì ní ọwọ́ àlàáfíà. Ó fi ẹ̀gbọ́n ṣáájú, ó fi ẹ jọ̀ọ́ sáàárín. Kí ó tó kí i tán, wọ́n á ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Láwùmí sáré wọ yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ó ṣí fídíò ìdíje méjèèjì. Láti ọjọ́ kẹta tó ti ń wò wọ́n, ohùn wọn ò jáde rí, torí pé ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń sùn ló ti ń wò wọ́n. Ó gbé ohùn wọn sókè báyìí. Bọ́ọ̀lù mọ́kànlá. Mẹ́sàn-án gba òsì wọlé, ọwọ́ àlàáfíà ni wọ́n sì kígbe nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nígbà tí ògiri bá wá láti ọ̀tún, "Ọ̀tún, Ẹ̀gbọ́n!" ni Dàmọ́lá ń sọ, Gbádérọ̀ á sì ti dé ibẹ̀. Láwùmí ló fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ó jókòó lórí àpótí, ó ronú pé bí òun bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ìyẹn ló tilẹ̀ dẹ́rù bà á jù.

Aago méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí Alága wọlé, ìwé orúkọ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ohun tí mo kọ sí yín láàárọ̀, mo ṣì í kọ." Láwùmí ló sọ bẹ́ẹ̀.

"O ṣì í kọ? Wákàtí méjì ló kù, Láwùmí."

Ó ṣàlàyé. Kóòṣì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Alága wò ó títí bí ẹni tí wọ́n bu iyanrìn fún dípò sìmẹ́ǹtì.

"Ìkíni ló ń jẹ́ kí wọ́n máa nà wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ṣe é lójú mi. Ìgbà mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹlòmíì ni màá kọ síbẹ̀."

Wọ́n pe Dàmọ́lá. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Mi ò lè se é, Kóòsì. Wọ́n á ní mo sépè fún àgbà."

Gbádérọ̀ rìn lọ bá a, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì mọ ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ Alága.

"Gbé òṣì náà wá, Dàmọ́lá," ó ní. "Mo gbà á. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó yá."

Ẹ̀ẹ̀kíní, "Òsì" jáde bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó jáde. Gbádérọ̀ yí, ó dí ọ̀nà pa. Ẹ̀ẹ̀kejì, ohùn le sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Dàmọ́lá ń kígbe "Òsì! Òsì!" bí ẹni tí ara tù, Luke àti John sì ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Láwùmí nìkan ni àyà rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀. Ó ń ka á.

Ẹ̀ẹ̀keje, bọ́ọ̀lù wọlé. Gbogbo wọn ní ilẹ̀ ló yọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ó dí i. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ó dí i. Ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gba bọ́ọ̀lù náà, ariwo sì gba gbọ̀ngàn kan.

"Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá," Alága ní. Ó fi pẹ́ńnì kọ orúkọ Gbádérọ̀ síbẹ̀, ó sì jáde lọ sínú ọkọ̀.

Láwùmí bá Gbádérọ̀ lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn yòókù ti lọ jẹun ní Ring Road. Ó ń tú okùn bàtà.

"Ka ohun tí o kọ nípa mi."

"Mo ti ń tún un kọ, Bọ̀dá."

"Ti àárọ̀ ni mò ń béèrè."

Ó kà á. Ìlà kan náà ni, kò pẹ́ tó fi tán.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀, sà. Mi ò lè kọ orúkọ yín lásán síbi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbádérọ̀ mi orí. Ó bọ́ bàtà kan, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀ẹ̀keje yẹn," ó ní, "o rí i."

Láwùmí lè ní ilẹ̀ ló yọ̀. Ilẹ̀ ló ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó rọrùn sì ni.

"Mo rí i, Bọ̀dá. Wọ́n tètè pè yín, ẹ sì gbọ́. Orí yín yí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ni kò lọ."

Ó ń retí pé yóò bínú. Gbádérọ̀ gbé ọwọ́ lé orúnkún náà.

"Ó ti pé oṣù mẹ́jọ," ó ní. "Láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí. Mo sì ń retí kí ẹnìkan sọ ọ́ fún mi, Láwùmí. Gbogbo yín kàn ń kí mi ni."

Oṣù mẹ́jọ. Láwùmí ka iye ìgbà tó ti kúnlẹ̀ kí i nínú oṣù mẹ́jọ. Kò wá ohun tó máa fi tù ú nínú. Ó kúrò lórí ìdúró, ó jókòó sílẹ̀ pákó níwájú rẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sọ́dọ̀.

"Ẹ fi hàn mí," ó ní. "Ibo gan-an?"