Agolo Tí Kò Gbọ́ Ohùn Bíréèkì

Ọkọ aránṣọ kan ti kọ́ ìdajì àdúgbò ní ọkọ̀ wíwà kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀ sórí àga. "Bíréèkì" ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣèèṣì wo ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́nrẹ́n, á lọgun: "Bíréèkì! Bíréèkì ni mo ní o! Àbí etí rẹ di ni?" Nílé náà, bákan náà ni. Ti ilẹ̀kùn. Gbé omi wá. Pa iná yẹn. Kì í bèèrè nǹkan, àṣẹ ló máa ń pa. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ náà, bá a gbé bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ fi dàgbà tí wọ́n fi jáde nílé, kò sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe ga tí ẹlòmíràn sì kúrú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ka ìwà ọkọ rẹ̀ sí.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlù ú, apá ọ̀tún kú, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo bí ẹni di òkúta sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ pé nínú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé ẹnu, ó máa ń lọ́ pọ̀ bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń wí àfi ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún obìnrin náà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ o. Ohunkóhun tó bá máa mú un lanu, ẹ gbé e fún un. Tó bá fi dákẹ́, tí ìdákẹ́ mọ́ ọn lára, ẹnu yẹn padé nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ wọn ọkùnrin gbọ́ lórí fóònù tó fi gbé ẹ̀rọ kan wá. Ó rí roboto, aṣọ bò ó lára, kò sì ga ju agolo mílíìkì lọ. Aránṣọ wò ó, ó ní, "Agolo wo rèé?" Orúkọ tó mọ́ ọn lára nìyẹn.

"Màmá, orin ló ń kọ," ni ọmọ wí. "Ẹ ò ní tẹ nǹkan kan. Ẹ máa pe orúkọ tí wọ́n fi sí i láti ilé iṣẹ́, kí ẹ wá sọ orin tí ẹ bá fẹ́."

Ọmọ pè é, iná aláwọ̀ omi aró tàn lórí rẹ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ pè é, orin bẹ̀rẹ̀. Bíréèkì náà mí kanlẹ̀, ó pè é. Iná kankan kò tàn. Ó tún pè é, itọ́ sì yọ ní igun ẹnu rẹ̀. Agolo dákẹ́ bí ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀.

"Bóyá wáìfáì ni," ni ọmọ wí. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó gbé e kúrò lẹ́bàá ògiri, ó gbé e sún mọ́ àga bàbá rẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì tó ń di etí ẹ̀rọ náà, ó ṣí i sílẹ̀. Ó ní òun máa kọ́ ọ ní ohùn Bàbá, kí Bàbá máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Bíréèkì sọ ọ́. Agolo ní òun kò gbọ́, kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Agolo ní kí ó tún un sọ. Wọ́n ṣe é títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

"Á mọ ohùn yín tó bá yá, Bàbá. Wọ́n gbọ́n gan-an." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í di ihò ara aṣọ, aránṣọ ti mọ ìyẹn tipẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló pe atúnẹ̀rọṣe. Ọkùnrin náà so Agolo mọ́ fóònù ìyá náà, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ó dìde dúró, ó sì sọ ọ́ sókè níwájú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn:

"Màmá, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹnu Bàbá ló bàjẹ́."

Bíréèkì kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ló ń nà sí gbogbo nǹkan. Bó bá fẹ́ omi, á nawọ́. Bó bá fẹ́ tọ̀, á nawọ́. Ìyàwó rẹ̀ bá a ṣeré títí, ó bú u pẹ̀lú, kò lanu.

Ẹ̀yìn ògiri pálọ̀ ni yàrá tí obìnrin náà ti ń ránṣọ wà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀, ó máa ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí. Lọ́jọ́ kan tó ń wá orin lórí fóònù rẹ̀ láti fi ti iṣẹ́ lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́, orin sì dún láti pálọ̀, lára Agolo. Ó jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ purọ́.

"Bàbá wọn, atúnẹ̀rọṣe yẹn padà wá nígbà tí ẹ sùn. Ó lóun ti rí ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ pè é wò."

Ọkọ wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ tún fi ṣẹ̀sín. Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń wa ẹsẹ̀ lọ, etí rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí ohùn náà tó jáde, ó wúwo, ó sì lọ́. Aránṣọ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó tẹ fóònù. Orin dún. Lẹ́yìn orin, ó gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín tí kò gbọ́ láti ọjọ́ àìsàn.

Bó ṣe di iṣẹ́ lé iṣẹ́ nìyẹn. Àṣẹ padà sílé. Yí i padà! Dín in kù! Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó ṣíwájú! Ní gbogbo ìgbà, ẹsẹ̀ obìnrin náà á kúrò lórí ẹ̀rọ, ọwọ́ á wọ àpò, á tẹ̀ ẹ́, á tún padà sójú abẹ́rẹ́. Bí ọkọ ṣe ń pariwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń là sí i. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Agolo yìí mà ṣe bẹbẹ o!"

Ọjọ́ kan, ó ń lọ aṣọ tíṣà kan tó ń gbé òdìkejì títì nígbà tí àṣẹ dé láti pálọ̀. Ó yára fa fóònù yọ, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, àpá dúdú ti wà láyà aṣọ. Tíṣà dé, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ìyá, aránṣọ ni mo gbé aṣọ fún. Mi ò gbé e fún alásè."

"Ẹ má bínú, màá rán òmíràn."

Bíréèkì ń gbọ́ láti pálọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Má dá a lóhùn," ló ń wí fún tíṣà, ó ń wa ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò… gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì… ni mo máa ń… sọ̀rọ̀ fún un. Agolo… ẹ̀ẹ̀kan." Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ká aṣọ tó jóná.

Ọmọ wọn wá kí wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan. Bíréèkì ní kó jókòó, kó wò ó. Ó pe Agolo, ó ní kó kọrin, orin sì dún. Ọmọ fò sókè.

"Ṣé mo sọ! Mo ní á mọ ohùn yín!"

Bàbá gbé ọwọ́ tó yè lé ọmọ lórí. "Ìwọ lo… tún ẹnu mi ṣe. Nínú ilé yìí, Agolo nìkan ló ń… gbọ́ tèmi."

Ìyá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, fóònù ṣì gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò. Ọmọ yíjú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni fẹ́ gba aláìsàn níyànjú.

"Màmá, ẹ máa ní sùúrù fún Bàbá o."

"Mo gbọ́," ló wí.

Ọkọ̀ ọmọ kò tíì yà ní kọ̀rọ̀ nígbà tí aránṣọ gbé àga wọ pálọ̀. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ẹ pè é."

Ó pè é. Obìnrin náà yọ fóònù, ó gbé e síwájú ojú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí i. Orin dún. Ó tún un tẹ̀, orin dá.

"Agolo kò gbọ́ yín rí. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ tó ti wọlé yìí. Èmi ni."

Ó ń retí kó bínú, tàbí kó sunkún. Ọkùnrin náà wo fóònù, ó wo ògiri.

"Mo mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà jáde gaara, kò lọ́ rárá.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ… ó máa ń dákẹ́… kí orin tó bẹ̀rẹ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ kìíní."

Obìnrin náà rántí aṣọ tó jóná. Ó rántí ẹ̀rín tíṣà, àti ọwọ́ lórí ọmọ. "Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

Bíréèkì wá ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́. "A kì í… dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ," ló wí níkẹyìn. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni… màá máa dúpẹ́. Lójoojúmọ́."

"Ìyẹn ló wá nira ju rọpárọsẹ̀ lọ?"

Aránṣọ dìde, ó yọ wáyà Agolo lára ògiri, ó gbé e sínú páálí tó ń kó àgékù aṣọ sí.

"Ó dáa. Orin wà nínú àpò mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó pè mí, kó ní jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò ju ẹnu yín lọ."

Ọ̀rọ̀ tán ní pálọ̀. Ọwọ́ òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Aránṣọ ń fún un ní omi, ó ń fún un ní oúnjẹ, ó ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò wo ọwọ́ náà bó bá ti jẹ́ orin ló ń nà sí. Nọ́ọ̀sì dé, ó dán ẹnu rẹ̀ wò, ó mi orí.

"Màmá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń padà sẹ́yìn o. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ yẹn dà?"

"Ẹ bi í."

Nọ́ọ̀sì bi í, Bíréèkì wo ògiri. Aránṣọ mọ ohun tí òun ń fi ṣeré. Ẹnu tó bá padé, òun náà ni yóò máa bá ìdákẹ́ rẹ̀ gbé. Kò gbé Agolo jáde síbẹ̀.

Ọ̀sán kan, ó ń fi síìpù sẹ́yìn aṣọ tuntun tó ń rán fún tíṣà. Ó gbọ́ ìró kan láti pálọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Jọ̀…"

Ọ̀rọ̀ náà tẹ bíréèkì lágbedeméjì. Láyé àtijọ́, òun ìbá ti sáré wọlé, ìbá ti bá a sọ èyí tó kù. Kò mọ̀ bóyá ahọ́n ló kọ̀ tàbí ẹni tó ni ahọ́n. Ó fi ọwọ́ kan fóònù nínú àpò rẹ̀, ó dúró, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i. Àga lọ́hùn-ún dún kẹrẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan.

Ó tún síìpù náà tò kó gún, ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ, ó ń rán lọ.