Àwọn Lẹ́tà Tó Ń Sá fún Mi

Ọdún 2006 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ìkòsí. Àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Mile 12. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó lè kọ Màríyámọ̀, orúkọ ara mi, láì wo ìwé ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Keziah Adékọ̀yà, tíṣà wa.

Tíṣà wa fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ náà ní wẹ́bùsáìtì ní èdè Yorùbá, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè máa lọ kà á ní ilé kọ̀ǹpútà tó wà ní Kétu. Hidayat, ọmọ àbúrò mi, ló ń ṣe é. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Adétúnjí ní Ògùdù ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ọ̀gá ti sọ fún un pé bí tíṣà wa ò bá gba iṣẹ́ yìí, kó má wulẹ̀ padà wá ní Monday.

Ní ọjọ́ Friday tí tíṣà wa fẹ́ lọ wo iṣẹ́ náà, Hidayat bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì. "Aunty, ẹ̀yin lẹ máa kà á fún wọn. Tí wọ́n bá ti rí i pé ẹ kà á, wọ́n á gba iṣẹ́ náà nìyẹn."

Mo wẹ̀, mo tún wẹ̀, kí òórùn ọjà má bàa bá mi wọ ọ́fíìsì. Síbẹ̀, Ọ̀gá Adétúnjí rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Mummy, àlùbọ́sà wa dà?"

"Ó wà ní Mile 12, Ọ̀gá. Ẹ wá rà á."

Tíṣà wa ti jókòó. Hidayat tẹ kọ̀ǹpútà, orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn lẹ́tà yọ láti apá òsì, pupa àti àwọ̀ ewé, wọ́n ń pòyì, wọ́n ń ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ jó.

"Àṣà tó wà lóde nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. "Gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ máa rìn."

"Ìyá Kabir," ni tíṣà wa wí fún mi, "ẹ kà á ká gbọ́."

Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé ká fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀, ká máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Mo fi ìka mi sí ojú kọ̀ǹpútà. Mo mú "Ẹ," mo fẹ́ mú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti lọ. Ìka mi lé e dé etí gíláàsì, kò sí mọ́. Ó tún yọ lódìkejì, mo tún lé e.

Àwa tí a ò mọ̀wé ní gbólóhùn kan tí a fi ń bo ara wa: "Mi ò mú awò ojú mi wá." Mo ti sọ ọ́ ní báńkì, mo ti sọ ọ́ nílé ìwé àwọn ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò ní awò ojú rí láyé mi. Ó ti dé ẹnu mi. Mo wo Hidayat, ó ń jẹ èékánná. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé ojú mi ni, iṣẹ́ ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí Bàbá Fáṣínà tó máa ń jókòó tì mí ní kíláàsì, tí ìka tirẹ̀ tún lọ́ra ju tèmi lọ.

"Mi ò lè kà á," ni mo wí. "Ó ń sá fún mi."

"Háà, Aunty!" Omi lé sójú Hidayat.

"Mummy, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn o," ni Ọ̀gá wí.

"Àwọn òyìnbó ń yára kàwé, Ọ̀gá. Àwa ò tíì yára."

Tíṣà wa ò bínú. Wọ́n fa àga mọ́ Hidayat. "Ọmọ mi, ṣé o lè jẹ́ kó dúró?"

Ó lè ṣe é. Ó pa orin, ó dá àwọn lẹ́tà dúró, ó sọ wọ́n di ńlá, dúdú lórí funfun. Kò pẹ́ tó ìgbà tí mo fi ń ṣa àpò àlùbọ́sà kan.

"Ó wá dà bí yàrá tí ayálégbé ti kó kúrò," ni Ọ̀gá ń kùn.

Mo tún gbé ìka mi sí i. "Ẹ káàbọ̀... sí ilé ẹ̀kọ́... wa ní Ìkòsí. Monday... sí Thursday... aago mẹ́rin."

"Èyí ni mo fẹ́," ni tíṣà wa wí.

Ọ̀gá họ orí. "Hidayat, aago mẹ́jọ ni Monday o. Má pẹ́ dé."

Nígbà tí a jáde, ọmọ náà kúnlẹ̀ fún mi létí títì Ògùdù, níwájú èrò. Mo fà á dìde. Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwé tó dúró dè mí. Títí di òní, kó tó gbé iṣẹ́ kankan fún Ọ̀gá, á pè mí: "Aunty, ẹ wá fìka sí i." Mo máa ń fọ ọwọ́ mi dáadáa kí n tó lọ.