Ẹni tí Dúróònù Ò Bẹ̀ Wò

Ìyá àgbà Bu Sundeok ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ òun nìkan ló ṣì ń wẹ̀ lọ sẹ́yìn àpáta dúdú láti mú ìgbín òkun. Àwọn obìnrin yòókù tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi ní abúlé wa ní erékùṣù Jeju, ní Kòríà, kì í jìnnà sétí òkun mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, Hyeon Yewon, ló gbé dúróònù wá fún wọn. Kálukú so aago tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́wọ́. Bí wọ́n bá yọrí láti mí, dúróònù á rábàbà lókè wọn láti gba ohun tí aago náà kà, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ á sì ṣírò bóyá ó ti rẹ ẹnì kan jù, kí wọ́n lè tètè ní kó jáde. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, nítorí náà Yewon jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fúnra rẹ̀ kọ́ bó ṣe máa ṣọ́ ọ ná. Bó bá ṣe ṣọ́ ọ ná tó ló ṣe ń gba máàkì tó. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n dunjú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń yáná, ìyá àgbà bọ́ aago rẹ̀ lé Yewon lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ mi. Ẹyẹ rẹ ò fẹ́ràn mi."

"Kí ló ṣe, Màmá?"

"Kì í wá sọ́dọ̀ mi."

"Òórùn ẹ̀fọ́ kimchi ẹnu yín ló ń sá fún!" obìnrin kan pariwo.

"Òun ló fi ń kùn lé ìwọ lórí bí eṣinṣin!" ìyá àgbà dá a lóhùn.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Yewon náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́jọ́ kejì ó lọ dúró sétí òkun. Dúróònù ń fò káàkiri orí àwọn tó wà nítòsí. Ìyá àgbà yọrí lẹ́yìn àpáta, ó mí kanlẹ̀, ó tún wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. Dúróònù ò tilẹ̀ yíjú síbẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ń jẹ bátìrì. Ẹ̀rọ ti ṣírò rẹ̀, ó sì ti yọwọ́ lọ́rọ̀ ìyá àgbà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ní kó má ṣe é.

Yewon pe ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maeng, ó sì ròyìn ohun tó rí.

"Ẹnì kan ṣoṣo mà ni, Yewon. Bátìrì tá à ń ṣọ́ ná yìí ni gbogbo iṣẹ́ wa."

"Òun ló dàgbà jù, sà. Òun ló sì dá wà."

"Ó dáa, tún un ṣe. Àmọ́ ìwọ lo máa ṣàlàyé fáwọn tó fún wa lówó."

Yewon yí máàkì náà padà: bí dúróònù bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ jù tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa gba máàkì tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dàrú, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó ń dé ẹ̀yìn àpáta.

Bátìrì wá ń tètè tán, àwọn obìnrin sì ní láti máa jáde lómi bó bá ti tán. Àwọn kan ń kùn. Ìyá àgbà pàápàá ní ariwo dúróònù náà pọ̀ jù, àmọ́ kò bọ́ aago mọ́.

Yewon jókòó tì wọ́n nídìí iná, ó ń rò ó: ká ní ìyá yìí ò sọ̀rọ̀ ńkọ́?