Ta Ló Bi Náómì Léèrè?

Nígbà tí pásítọ̀ wọn ní Kétu ka ìtàn Rúùtù tán, tó sọ bí obìnrin náà ṣe fi ilé àti ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìyá ọkọ rẹ̀, omijé ti bo Félicité lójú. Ó dìde láàárín ìjọ, ó di ọwọ́ Monísọ́lá, ìyá ọkọ tirẹ̀, mú.

"Ìyá mi, ibi tí ẹ bá ń lọ ni n ó máa bá yín lọ. Ikú nìkan ló lè yà wá."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Monísọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí ojú ayé nìkan. Láti ọdún tó kọjá tí Désiré ọmọ rẹ̀ ti kú, òun àti opó yìí ni wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì. Àkùkọ ò tíì kọ tí Félicité á ti máa kọrin. Ọbẹ̀ rẹ̀ a máa jóná. Tó bá sì sùn, ìhanrun rẹ̀ á máa mi òrùlé. Monísọ́lá ti di ẹrù tán láti padà sí oko tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un ní Idigny, kí etí rẹ̀ lè sinmi. Bíbélì sọ pé nígbà tí Rúùtù sọ̀rọ̀ tán, Náómì dákẹ́. Monísọ́lá mọ irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Alùpùpù kan ṣoṣo ló gbé àwọn méjèèjì àti ẹrù wọn gba ọ̀nà igbó. Aṣọ ni Félicité ń rán, kò mọ ọkọ́ dì mú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ roko, ó hú àgbàdo, ó dá koríko sí.

"Ìyá mi, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"O tilẹ̀ ṣe é ju bí mo ṣe rò lọ."

Ibi tí Monísọ́lá ti ń tún àgbàdo gbìn ló ti rántí Bóásì, ọkùnrin tó padà wá fẹ́ Rúùtù. Àní, ọkọ ni ká wá fún un! Hervé, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ nítòsí wọn, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ilé rẹ̀ sì ní páànù tuntun. Monísọ́lá pè é wá jẹun ọ̀sán, ó pa adìyẹ, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é. Ó ní kí Félicité wẹ̀, kó fi òróró para, bí Náómì ṣe kọ́ Rúùtù.

Hervé jẹ itan, ó lá ọwọ́. Bí Félicité ṣe lọ bu omi, Monísọ́lá sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i. Àmọ́ ẹ̀yin gan-an ni ojú mi wà lára yín, Ìyá Désiré."

Monísọ́lá tún gèlè rẹ̀ wé. Ó tó ọdún méjìlá tí ọkùnrin ti bá a sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn, kò sì lè purọ́ pé kò dùn mọ́ òun.

"Ẹ wá ká jọ máa gbé," ni Hervé wí. "Kànga wà lágbàlá mi. Kí ọmọ yìí ṣáà padà sí Kétu. Mi ò lè fẹ́ ìyàwó kí n tún gba opó mọ́ ọn."

Ohun tí Monísọ́lá ti ń wá gan-an nìyẹn. Ó la ẹnu láti sọ pé ó dáa.

"Kétu wo?" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í bi í bó ṣe jí. Èmi nìkan ló ní."

"Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn."

"Ó tán. Ẹ fi egungun yẹn sílẹ̀ fún ajá."

Félicité gbé omi dé, kò bá àlejò mọ́.

"Ìyá mi, kí ló wí?"

"Ó ní ọbẹ̀ náà dùn."

Monísọ́lá ti iwe adìyẹ tó ti ń fi pa mọ́ síwájú rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wo páànù Hervé tó ń dán lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ títí oúnjẹ fi tán.